Ṣé lóòótọ́ ni panápaná adójútòfò máa ń wo ilé tí kò lámì títí yóò fi jó tán?

Láti January 2025 tí iná ti jó Palisades àti Altadena ní ìpínlẹ̀ California, tí ilé oríṣiríṣi tó lé ní 16,000 sì di eérú, ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó máa pa iná, àti ta ló yẹ kó san owó rẹ̀, kò tíì kúrò nínú ìròyìn. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí omi ṣe tán nínú ẹ̀rọ omi ẹ̀bá títì ní òkè Palisades, àti bí àwọn olówó kan ṣe háyà panápaná aládàáni tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ àti omi tiwọn láti ṣọ́ ohun ìní wọn. Nínú àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e, ìtàn London kan ni àwọn tó ń bínú sí irú ètò yìí máa ń fà yọ. Wọ́n á ní nígbà kan rí, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ni àwọn panápaná London. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kan àmì tirẹ̀ mọ́ iwájú ilé oníbàárà rẹ̀. Bí panápaná bá sì dé ibi iná tí kò rí àmì ọ̀gá rẹ̀ lára ògiri, ṣe ló máa káwọ́ lẹ́rán, tí yóò máa wòran títí ilé náà yóò fi jó tán. Ìdajì àkọ́kọ́ ìtàn yìí, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ìdajì kejì, èyí tó dùn ún sọ jù, ni ẹ̀rí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó ń bo àléébù gidi tó wà nínú ètò náà mọ́lẹ̀, àléébù tó tún ti yọjú ní California lónìí.

Iná London ti September 1666, tó bẹ̀rẹ̀ nílé búrẹ́dì Thomas Farriner ní Pudding Lane, jó ilé tó tó 13,200, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tí onílé lè lọ bá pé kó san án padà. Nicholas Barbon, oníṣègùn tó sọ ara rẹ̀ di kọ́lékọ́lé, ló rí ọjà nínú ìbẹ̀rù tí iná náà fi sílẹ̀. Ní 1680, ó ṣí ọ́fíìsì tí onílé lè máa sanwó fún, kó lè rí owó fi tún ilé kọ́ bí iná bá jó o. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀lé e: Hand-in-Hand ní 1696, Sun Fire Office ní 1710, Royal Exchange Assurance àti London Assurance ní 1720. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe àmì wọn: oòrùn tó ní ojú bí ènìyàn fún Sun, ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú lábẹ́ adé fún Hand-in-Hand. Nísàlẹ̀ àmì náà, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà ìwé àdéhùn oníbàárà sí i, nọ́ńbà yìí ni kò sì yẹ ká fojú fò. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé London kò tíì ní nọ́ńbà òpópónà. Àmì òjé ló ń jẹ́rìí pé ilé tó wà nínú ìwé ni ilé tó dúró yìí. Sun tiẹ̀ sọ ọ́ di òfin pé kò sí ilé tí yóò wà lábẹ́ ààbò àwọn àfi tí àmì bá ti wà lára rẹ̀. Àwọn tó sì ń bá wọn pa iná, atukọ̀ odò Thames ni wọ́n. Èrò ni wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn gbé lójoojúmọ́. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, wọ́n á kó sínú aṣọ aláwọ̀ títàn tí ilé-iṣẹ́ fún wọn, báàjì á wà lápá wọn. Àǹfààní tó ju owó lọ tún wà níbẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé panápaná, ìjọba kì í fi ipá mú un wọ ọkọ̀ ogun.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn akáwọ́lẹ́rán ti kọ́kọ́ ń jò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Richard Newsham, tó gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1721 àti 1725. Ìlú New York ra méjì nínú rẹ̀ ní 1731. Àpótí gígùn lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, tí pọ́ǹpù wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á máa gbé ọ̀pá gígùn sókè sódò, àwọn mìíràn á sì gun orí rẹ̀ láti máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Omi ń bọ̀ láti inú páìpù igi abẹ́ ilẹ̀: wọ́n á gbẹ́ títì, wọ́n á fa igi tó dí ihò páìpù yọ, omi á sì ya jáde. Agbára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ó lè kápá iná tó ṣì wà nínú yàrá kan. Kò lè kápá iná tó ti gba òpópónà. Àwọn ilé London sì fara tira, ògiri kan náà ni aládùúgbò méjì jọ ń lò. Bí ilé àárín kò bá lámì, tí ti ọ̀tún ní àmì Sun, tí ti òsì ní àmì Hand-in-Hand, ta ni yóò pàṣẹ pé kí ti àárín máa jó lọ? Ọ̀rọ̀ ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú ni. Panápaná tó bá dúró dìgbà tí iná fi ràn mọ́ ilé oníbàárà rẹ̀ ti pẹ́ jù, ọ̀gá rẹ̀ ló sì máa sanwó ìdúró náà. Òfin tún fi owó sí i. Láti ìgbà ayaba Anne ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí párísì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìpaná tirẹ̀, òfin 1774 sì tún tẹnu mọ́ ọn: ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ dé yóò gba 30 ṣílè, èkejì 20, ẹ̀kẹta 10. Owó yìí kò béèrè àmì. Eré àsápajúdé ló ń fà, kì í ṣe ìkáwọ́lẹ́rán.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí àmì kò bá wà fún yíyan ilé tí wọn yóò pa iná rẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń kàn án sókè níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i? Ìdáhùn wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1833. Lọ́dún náà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò mẹ́wàá kó panápaná wọn pọ̀ sí abẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, London Fire Engine Establishment. Ọ̀gá tí wọ́n fi sí i ni James Braidwood, ẹni tó ti ń darí panápaná ìlú Edinburgh láti 1824. Láti ọjọ́ náà, kò sídìí tí panápaná yóò fi máa wá àmì ọ̀gá tirẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀gá gbogbo wọn ti di ọ̀kan. Síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kò dáwọ́ àmì kíkàn dúró. Wọ́n kàn pa òjé tì ni, wọ́n mú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó ń tàn. Bó bá jẹ́ pé yíyan ilé ni iṣẹ́ àmì, 1833 ni ì bá kú. Ìpolówó ọjà ló mú un pẹ́ láyé. William Baddeley, tó máa ń kọ àkọsílẹ̀ iná London lọ́dọọdún sínú Mechanics' Magazine, máa ń pín ilé tó jó sí èyí tó ní ìdójútòfò àti èyí tí kò ní. Méjèèjì ni wọ́n ń lọ pa iná wọn. Àwọn tó ń bá wọn fa pọ́ǹpù pàápàá kò mọ ti ẹnì kankan yàtọ̀: èrò ọ̀nà ni wọ́n, ṣílè kan ni fún wákàtí àkọ́kọ́, sísì kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e, ọtí bíà sì ni ìpanu. Ti ogún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn Barbon ń kọ́? Ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ kan ti fi ilé aláìlámì sílẹ̀ lọ́jọ́ tí iná méjì ń jó pọ̀ tí ọwọ́ kò ká méjèèjì. Àmọ́ kí èèyàn mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ sáré dé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kó jókòó wòran, èmi ò sì rò pé ó yẹ ká fi èyí tó ṣeé ṣe gbé ìtàn odindi ọgọ́rùn-ún ọdún ró.

Ẹni tó bá ń wá panápaná tó wo ilé níran kò ní láti lọ sí London. Kó lọ sí Obion County ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní 2010. Panápaná ìlú South Fulton máa ń gba dọ́là 75 lọ́dún lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ìlú. Onílé kan kò san tirẹ̀. Nígbà tí ilé rẹ̀ gbiná, wọn kò jáde. Ìgbà tí iná ràn dé ilẹ̀ aládùúgbò tó ti sanwó ni wọ́n tó dé, wọ́n pa ti aládùúgbò, wọ́n sì jẹ́ kí ilé ẹni àkọ́kọ́ jó kanlẹ̀. Nǹkan méjì ló yẹ ká kíyè sí níbẹ̀. Panápaná ìjọba ìlú ni wọ́n, kì í ṣe ti adójútòfò. Ìgbèríko sì ni, níbi tí ilé ti jìnnà síra, tí èèyàn ti lè fi ọkàn balẹ̀ jẹ́ kí ọ̀kan jó láìbẹ̀rù pé yóò ran gbogbo àdúgbò. Ohun tó fipá mú àwọn adójútòfò London láti ṣe ojúṣe ará àdúgbò ni kò sí níbẹ̀.

Ṣé àwọn panápaná adójútòfò wá jẹ́ ẹni mímọ́ ni? Rárá. Àléébù wọn àkọ́kọ́ ni pé ohun ìní ni wọ́n ń dójú tó, kì í ṣe ẹ̀mí. Ẹni tó há sí àjà kẹta kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ aláàánú ló wá gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ní 1836 ni wọ́n kọ́kọ́ dá Royal Society for the Protection of Life from Fire sílẹ̀, wọ́n sì tún un tò ní 1843. Owó ìtọrẹ ni wọ́n fi ń ra àkàbà gíga tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, èyí tí òṣìṣẹ́ wọn máa ń gbé sí oríta London lálaalẹ́. Ọdún 1867 ni àwọn àkàbà náà tó bọ́ sọ́wọ́ panápaná ìlú. Kódà nígbà tí àwọn adójútòfò gbé ẹ̀rọ ìpaná wọn fún ìjọba, wọ́n dá London Salvage Corps sílẹ̀ ní 1866, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ẹrù là lọ́wọ́ iná, omi àti èéfín, ó sì wà títí di 1984. Ibi tí ọkàn wọn wà hàn gbangba.

Àléébù kejì ló wúwo jù: wọ́n lè kúrò nígbà tó bá wù wọ́n. Ní June 22, 1861, iná sọ ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí etí odò Thames ní Tooley Street. Ògiri wó pa Braidwood níbẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí iná náà tó kú pátápátá, àdánù rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Ilé ìkẹ́rùsí ti tóbi ju ohun tí ọ̀pá àfọwọ́fà lè kápá lọ. Ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí ti wà láti 1829, nígbà tí John Braithwaite àti John Ericsson ṣe é, ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà sì ti fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ panápaná olówó oṣù ní 1853. Ṣùgbọ́n Braidwood kò nífẹ̀ẹ́ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn Tooley Street, àwọn adójútòfò fi kún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn kò lè máa dá bọ́ panápaná London mọ́. Òfin 1865 ló bí Metropolitan Fire Brigade, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 1866, lábẹ́ Captain Eyre Massey Shaw. Nígbà tí ìjọba amúnisìn sì dá panápaná sílẹ̀ ní Èkó ní 1901, abẹ́ ọlọ́pàá ló fi í sí; kò sí ẹni tó tún ń ronú pé adójútòfò ló yẹ kó ni ín.

Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń jiyàn lórí California gbé yẹ̀ wò. Panápaná aládàáni tó bá pa iná lára ilé olówó kan ń ṣe aládùúgbò náà lóore, ó fẹ́ ni o, ó kọ̀ ni o, nítorí ilé tí kò gbiná kò lè ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń fa omi ìlú tí kò tó, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ó sì tọ́ kí òfin dá sí i. Àmọ́ ohun tó jọ bí àwọn adójútòfò London ṣe ṣíwọ́ lẹ́yìn iná 1861 jù lọ kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iná. Ní May 2023, ilé-iṣẹ́ adójútòfò State Farm ní òun kò ní gba oníbàárà tuntun fún ìdójútòfò ilé ní California mọ́. Ní March 2024, ó ní ìwé àdéhùn tó tó 72,000 ni òun kò ní sọ dọ̀tun. Kò lòdì sófin, bí kò ṣe lòdì sófin fún àwọn ti London láti ṣíwọ́. Òfin 1865 kò bú wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́fẹ̀ẹ́: ó ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa san 35 pọ́n-ùn lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ohun ìní tó dójú tó, kí ìjọba máa mú 10,000 pọ́n-ùn wá lọ́dún, kí owó orí àwọn onílé sì pé ìyókù. Ìpín àwọn adójútòfò lè ti kéré jù, iná California sì ju ohun tí Shaw rí rí lọ. Síbẹ̀ ìlànà yẹn ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó ń jèrè nínú ilé tí kò jó gbọ́dọ̀ ní owó nínú àpò ẹni tó ń pa iná, yálà ó ṣì ń ta ìwé àdéhùn ní àdúgbò náà tàbí ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.