Oníná: Ẹni Tó Ń Pinnu Bí Yàrá Ṣe Máa Rí Lálẹ́

Kí bíríkìlà tó rẹ́ ilé ni iṣẹ́ oníná ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń gbẹ́ ògiri, tó ń ri páìpù wáyà mọ́ ọn, tó sì ń yan àyè fún súwíìṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, ibi tó yàn náà ni iná á ti máa tàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, iye owó nìkan ni ọ̀pọ̀ onílé ń bá a sọ.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná dé Èkó. Láti ìgbà iléeṣẹ́ mànàmáná ECN títí dé ìgbà NEPA, tó gbapò rẹ̀ ní 1972, kí iná ṣáà ti tàn ni gbogbo ohun tí onílé ń fẹ́. Gílóòbù kan láàárín àjà, súwíìṣì kan lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Bí ọ̀gá ṣe kọ́ oníná nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì fi kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi gba fírídọ̀ọ̀mù.

Gílóòbù LED ló yí i padà. Èyí tó jẹ́ wáàtì 9 lè tan ìmọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tó jẹ́ pé ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ ṣe. Nígbà tí owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná lò jù, sì di ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kò sẹ́ni tó nílò ìwàásù mọ́ kó tó pààrọ̀ gílóòbù.

Àmọ́ gbogbo LED kọ́ ló bá gbogbo yàrá mu. Nọ́ńbà kan wà lára páálí rẹ̀ tí lẹ́tà K tẹ̀ lé. 2700 sí 3000 ń pọ́n díẹ̀ bíi fìtílà elépo. Ó tu ara lára ní pálọ̀ àti yàrá ìbùsùn. 4000 dára fún ilé ìdáná. 6500 funfun báláú, ó sì ń sọ pálọ̀ di ọ́fíìsì. Ibi tí iná wà náà ṣe pàtàkì: iná àárín àjà ń ju òjìji ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́ sórí ẹ̀fọ́ náà, ó sì ń mú abẹ́ ojú ẹni tó wo dígí ṣókùnkùn. Iná ẹ̀gbẹ́ dígí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àjọ NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ló ń fún oníná ní ìwé-ẹ̀rí, tó sì ń yẹ iṣẹ́ wò. Ààbò ni tiwọn: bí wáyà ṣe nípọn tó, bíréká, àti wáyà tó ń darí iná sínú ilẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè jó ilé. Ṣùgbọ́n ẹwà yàrá kò sí lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Àárín onílé àti oníná nìyẹn kù sí.

Ẹni tó ti ń gbé inú ilé rẹ̀ kò ní láti fọ́ ògiri: kó pààrọ̀ gílóòbù, kó sì gbé iná orí tábìlì sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ni kó mú ṣọ́ọ̀kì dání, kó bá oníná wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kó fi ibi tí bẹ́ẹ̀dì àti àga máa wà hàn án. Wáyà díẹ̀ ni yóò fi kún un. Tó bá di ẹ̀yìn tí wọ́n rẹ́ ilé, oníná, bíríkìlà àti onípéǹtì ni yóò tún sanwó fún.