Díráìfù Kejì Nínú Kọ̀ǹpútà fún Ẹ́díìtì Fídíò Ìkọ́ni: Ohun tí Ó Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ fíìmù àti fídíò kì í ṣe àjèjì ní ìlú Jos. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ Nigerian Film Corporation wà, ibẹ̀ ni National Film Institute àti NTA Television College ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kámẹ́rà, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìpamọ́ fíìmù, fídíò àti ohùn ti orílẹ̀-èdè yìí wà. Ṣùgbọ́n fídíò tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn òṣèré. Fídíò ti àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ ni, èyí tí a ń yà nígbà micro-teaching, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ó kọ́ wọn ní ohun kan ṣoṣo, tí a sì wá fi í hàn án kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ṣe. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1963. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé ó kẹ̀yìn sí kíláàsì jù lè jiyàn. Èyí tí ó rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ nínú fídíò kò ní jiyàn mọ́.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo fídíò wọ̀nyí ń dé sí. Kò pẹ́, ó kún. Bí a bá ń ṣe ẹ́díìtì, àwòrán á máa dúró, á tún máa fò. Wọ́n á wá pa ti ọdún tó kọjá rẹ́ kí ti ọdún yìí lè ráyè. Nígbà náà ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà á dábàá pé kí a fi díráìfù kejì kún un. Àbá tó dára ni, a sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń retí lọ́wọ́ díráìfù kejì: àyè, ìyára, àti ààbò. Ó ń fúnni ní àyè. Ó lè fúnni ní ìyára bí a bá lò ó bó ti yẹ. Ti ààbò, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣòfò jù.

Bí fídíò ṣe ń jẹ àyè

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 ló wà nínú kíláàsì kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú 400 nìyẹn, wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú. Kámẹ́rà tí ó ń ya fídíò 1080p ní ìwọ̀n megabit 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń kọ MB 6.25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan. MB 375 ni ó ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú 400, ó ti di GB 150. Bí a bá gbé kámẹ́rà méjì kalẹ̀, ọ̀kan kọjú sí olùkọ́, ọ̀kan kọjú sí àwọn tí ó ń kọ́, bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣe é, GB 300 ni fún kíláàsì kan ṣoṣo. A kò tíì ka fáìlì tí ẹ́díìtì fúnra rẹ̀ ń bí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí díráìfù rẹ̀ jẹ́ GB 500, tí Windows àti àwọn ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn sì ti gba apá kan nínú rẹ̀, kò lè gbà ju kíláàsì kan lọ.

Ìdí tí fídíò fi ń dúró

MB 12.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kámẹ́rà méjì ń béèrè, díráìfù oníwo tí a mọ̀ dáadáa sì lè ka ju MB 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ló wá dé tí fídíò fi ń dúró?

Inú díráìfù oníwo ni ìdáhùn wà. Àwo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń yí nínú rẹ̀ ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá tínínrín kan sì ń gbé orí ìkàwé lọ síbi tí fáìlì wà. Gbogbo orí wọ̀nyẹn, apá kan náà ni wọ́n dì mọ́. Ibi tí ọ̀kan bá lọ ni gbogbo wọn ń lọ. Bí ó bá ń ka fáìlì kan tààrà, iṣẹ́ ń yá. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ́díìtì, Windows ń pè é níhìn-ín, fídíò kámẹ́rà kìíní ń pè é lọ́hùn-ún, ti kejì ń pè é, fáìlì ìgbà díẹ̀ sì ń fẹ́ kí ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo tí ilé mẹ́rin ń rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kò ṣe ọ̀lẹ, ojú ọ̀nà ni àkókò rẹ̀ ń tán sí. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì ń rìn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá fi díráìfù kejì sí i, ọmọ ọ̀dọ̀ ti di méjì.

A máa ń gbọ́ kí àwọn kan béèrè bóyá gíga ìlú Jos kò ní ba irú díráìfù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí atẹ́gùn ló ń gbé orí ìkàwé náà léfòó sórí àwo, atẹ́gùn sì ń fúyẹ́ bí a bá ṣe ń gòkè. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,200 mítà ni Jos fi ga ju ojú òkun lọ, àwọn tó ń ṣe díráìfù sì sábà máa ń fún wọn ní ààyè dé nǹkan bí 3,000 mítà. Òtútù Jos gan-an ṣe kọ̀ǹpútà láǹfààní.

Èwo ni kí a rà?

SSD kò ní àwo, kò ní apá tí ń rìn, ìdí nìyí tí ó fi ń yára. Èyí tí ó ń lo okùn SATA ń ka tó MB 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe, tí a ń tẹ̀ mọ́ motherboard gan-an, yára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi owó kan náà ra oníwo, àyè tí a ó rí máa ń pọ̀ ju ti SSD lọ.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ wo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó ná owó. Bí díráìfù àkọ́kọ́ bá jẹ́ SSD, ẹ ra oníwo tí ó láyè, TB 2 tàbí TB 4, kí ó máa gba fídíò. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ oníwo, ẹ má ra oníwo mìíràn. Ẹ ra SSD kékeré, kí ẹ kó Windows àti ètò ẹ́díìtì lọ sórí rẹ̀, kí ẹ wá sọ oníwo àtijọ́ di ilé fídíò. Díráìfù tuntun kò pọn dandan kí ó jẹ́ èkejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé GB 4 ni RAM kọ̀ǹpútà náà, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún un. Kò sí díráìfù tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Ti tòkúnbọ̀ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n díráìfù tòkúnbọ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo wò ó lójú yín; yóò sọ iye wákàtí tí díráìfù náà ti fi ṣiṣẹ́ àti bóyá ó ti ń bàjẹ́. Ayédèrú tún wà, tí wọ́n kọ TB 2 sí lára nígbà tí inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. H2testw ń tú irú rẹ̀ fó, nítorí ó máa ń kọ nǹkan kún díráìfù náà, á sì tún kà á padà.

Fífi í sínú kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ ọwọ́ níbí kò le. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi ọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un ṣe. Iná kékeré tí ó máa ń ta wá nígbà tí a bá bọ́ súwẹ́tà ní oṣù January lè pa ohun èlò tí ojú kò rí ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọn eruku inú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ṣí i.

Okùn méjì ni díráìfù SATA ń fẹ́. Èyí tó kéré ń lọ sórí motherboard, èyí tó fẹ̀ ń ti inú páwà wá. Ojú kan ṣoṣo ni okùn méjèèjì ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ má fi agbára tì í. Ẹ de díráìfù oníwo mọ́lẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó máa mì kì í pẹ́. Bí ó bá jẹ́ NVMe, ẹ wo ìwé motherboard, nítorí lórí àwọn kan, bí a bá lo ihò NVMe, ọ̀kan nínú àwọn ihò SATA yóò dákẹ́. Lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní àyè, díráìfù ìta tó ń lo USB 3.0 tó fún iṣẹ́ wa. Ti USB 2.0 kò tó.

Díráìfù tuntun kì í sábà fara hàn fúnra rẹ̀. Nínú Disk Management ni a ti ń jí i. Ẹ yan GPT, nítorí MBR kò lè lò ju TB 2 lọ, kí ẹ sì fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS. FAT32 kò gba fáìlì tó bá ju GB 4 lọ. Ẹ ka orúkọ àti ìwọ̀n díráìfù náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ fọ́máàtì, torí ojú ìwé yìí gan-an ni ẹnìkan ti lè nu gbogbo iṣẹ́ ọdún kan. Ẹ wá fún un ní lẹ́tà tí kò ní yí padà, bíi V. Bí lẹ́tà bá ń yí, ètò ẹ́díìtì á ní òun kò rí fídíò mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín iṣẹ́ fún wọn. Fídíò tí a gbé wá láti inú kámẹ́rà, orí V. Windows, ètò ẹ́díìtì àti fáìlì ìgbà díẹ̀, orí SSD. Nínú Adobe Premiere Pro, Media Cache ni a ó yí. DaVinci Resolve náà ní irú rẹ̀. Bí a kò bá yí i, ó ṣeé ṣe kí díráìfù kejì wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Díráìfù kejì kì í ṣe ẹ̀dà

Inú àpótí kan náà ni díráìfù méjèèjì wà, páwà kan náà ló ń fún wọn níná. Bí iná bá dé pẹ̀lú agbára òdì, bí àrá bá sán, bí olè bá gbé àpótí lọ, bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, méjèèjì ló bá a lọ. Bí a bá sì gbé fídíò kúrò lórí C lọ sí V, ẹ̀dà kan ṣoṣo náà ni a ṣì ní; ó kàn ṣípò ni. Ẹ̀dà gidi ni èyí tí ó wà lórí díráìfù mìíràn, tí a yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, tí a sì gbé sí ilé mìíràn.

Ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos níbí fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Wọ́n ti rò pé Shaihu Umar, fíìmù èdè Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ti sọnù. Ní 2016 wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ yìí, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Fíìmù orí ike lè dúró bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ fún ogójì ọdún. Díráìfù kò lè ṣe é. A kò gbọdọ̀ gbé e sínú àpótí kí a gbàgbé; ó yẹ kí a máa tàn án wò lọ́dọọdún, kí a sì kó ohun inú rẹ̀ sórí tuntun kí ó tó darúgbó.

Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ orúkọ ẹni tí díráìfù ìta náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má sì jẹ́ ti ẹni tí ó bá wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Bákan náà, ojú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú fídíò TP tí a ń yà ní kíláàsì wọn, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì kan irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, díráìfù tí a bá fẹ́ tà tàbí tí a fẹ́ fi tọrẹ, pípa fáìlì rẹ́ lásán kò tó. Ti oníwo, ẹ ṣe fọ́máàtì rẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Quick. Ti SSD, ẹ lo ètò ìnu tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pèsè. Èyí tí ó bá ti kú tí kò tàn mọ́, ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó gbé e sọ nù.