Onídán Wo Ni Ó Lágbára Jù? Eré Kan àti Ọ̀rọ̀ Ìdọ́gba

Bí ènìyàn méjì bá jókòó ti ọpọ́n ayò, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ihò mẹ́fà ni ti ẹni kìíní, ihò mẹ́fà ni ti ẹnì kejì. Ọmọ ayò 24 wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n orí ni yóò fi ọ̀ta hàn yàtọ̀ sí òpè.

Ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tí àwọn tó ń ṣe é kì í gba ohun kan náà. Ẹnì kan gba idà, ẹlòmíràn gba ọfọ̀. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ìpín wọn dọ́gba? Ìbéèrè yìí ti ń fa àríyànjiyàn láti bí àádọ́ta ọdún.

Orúkọ eré náà ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjì, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1974 ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin.

Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí eré. Òun ni ó ń sọ ìtàn: ihò àpáta tó ṣókùnkùn, ẹranko abàmì tó ń ṣọ́ ìṣúra. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù di akọni kan nínú ìtàn náà, yóò sì sọ ohun tí akọni rẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá ṣòro, wọn a ju ọmọ lúdò láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Ọmọ lúdò wọn kì í ṣe olójú mẹ́fà nìkan. Òmíràn ní ojú mẹ́rin, òmíràn ní ojú 20.

Nínú eré yìí, àwọn akọni kì í bá ara wọn díje. Apá kan náà ni gbogbo wọn wà. Kí wá ni wàhálà ìdọ́gba? Wàhálà náà ni pé ẹni tó jókòó fún wákàtí mẹ́rin láìrí nǹkan ṣe, òǹwòran ni, kì í ṣe òṣèré.

Aláìlera lónìí, ọba lọ́la

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìwé 1974 fún àwọn akọni: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Gygax rí àpẹẹrẹ idán rẹ̀ nínú ìwé Jack Vance, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Dying Earth, tó jáde ní 1950. Nínú ìtàn Vance, onídán a kọ́ ọfọ̀ sórí láti inú ìwé. Bí ó bá ti pe ọfọ̀ náà tán, ó parẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Àfi kí ó tún padà sídìí ìwé.

Èyí ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́: ọfọ̀ a máa tán, idà kì í tán.

Ìwé àwọn òṣèré tó jáde ní 1978 fi òṣùwọ̀n mìíràn kún un. Láti mọ bí ẹ̀mí akọni ti yi tó, jagunjagun ń ju ọmọ lúdò olójú 10, onídán ń ju olójú mẹ́rin. Onídán kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù irin, kò sì gbọ́dọ̀ lo idà. Ní ìpele kìíní, ọfọ̀ kan péré ni ó ní fún ọjọ́ kan. Ọ̀bẹ kékeré kan lè pa á.

Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ìpele karùn-ún, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọfọ̀ iná rẹ̀ a máa fi ọmọ lúdò olójú mẹ́fà márùn-ún ṣe ìpalára fún gbogbo ọ̀tá tó wà ní agbègbè kan. Ní ìpele kẹwàá, ọmọ lúdò náà di 10. Idà gígùn jagunjagun ṣì ń ju ọmọ lúdò kan, olójú mẹ́jọ, fún ọ̀tá kan lẹ́ẹ̀kan.

Gygax fẹ́ kí onídán pẹ́ kó tó dàgbà. Àmì ìrírí tó lé ní 2,500 ni onídán ní láti kó jọ kí ó tó dé ìpele kejì. Ti jagunjagun jẹ́ 2,000 àti lé. Ti olè, ẹni tó mọ bí a ti ń ṣí àgádágodo, jẹ́ 1,250 àti lé. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n náà kò dúró sójú kan. Nígbà tí àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi di 65,000, onídán ti wà ní ìpele keje, jagunjagun ṣì wà ní ìpele kẹfà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ dá dúró ti kọjá lọ.

Ìpín kan náà, àwo kan náà

Ní ọdún 2000, ẹ̀dà tuntun jáde. Gbogbo iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú iye àmì kan náà. Onídán méjì ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí. Èkíní, onídán oníwèé, lè kọ gbogbo ọfọ̀ tó bá rí sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni yóò yan èyí tí yóò lò. Èkejì, onídán àbínibí, mọ ọfọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pe èyí tó wù ú nígbàkígbà, iye ìgbà tó sì lè pè é lóòjọ́ pọ̀ ju ti oníwèé lọ. Nítorí èyí, oníwèé dé ibi ọfọ̀ iná ní ìpele karùn-ún, àbínibí dé ibẹ̀ ní ìkẹfà.

Láàárín àwọn méjèèjì, òṣùwọ̀n náà dára díẹ̀. Ẹni tí ìyà jẹ ni jagunjagun àti olè. Àlùfáà lè fi ọfọ̀ fún ara rẹ̀ lágbára, kí ó sì jà bí akin. Ọfọ̀ kan wà tó ń ṣí ilẹ̀kùn títì. Bí onídán bá ti pè é, kí ni iṣẹ́ olè?

Ní 2008, wọ́n gbìyànjú láti fi òpin sí ẹjọ́ náà. Gbogbo iṣẹ́, ti idà àti ti ọfọ̀, gba ìpín irú kan: ohun tí a lè ṣe nígbàkígbà, ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kan, àti ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ìdọ́gba sún mọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣèré kùn pé ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n bù sínú gbogbo àwo. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Paizo gbé Pathfinder jáde, èyí tó tẹ̀lé òfin àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó lọ síbẹ̀.

Onídán mẹ́ta ní ìpele karùn-ún

Ẹ̀dà tó jáde ní 2014 gba ọ̀nà mìíràn. Onídán kọ̀ọ̀kan ní ọfọ̀ kéékèèké tí kì í tán. Kò tún sí pé kí onídán máa ju ọ̀bẹ nígbà tí ọfọ̀ ńlá rẹ̀ bá tán. Ní ọwọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ọfọ̀ tó lágbára ń béèrè pé kí onídán pa ọkàn pọ̀, kò sì lè di irú rẹ̀ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìpele karùn-ún, oorun alẹ́ kan fún oníwèé ní ààyè ọfọ̀ ńlá mẹ́sàn-án. Ìwé rẹ̀ ní ọfọ̀ 14, ó kéré tán. Àbínibí náà ní ààyè mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọfọ̀ mẹ́fà péré ni ó mọ̀. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ni pé ó lè tẹ ọfọ̀ bó ṣe fẹ́. Ó lè fi ọfọ̀ tó yẹ fún ẹnì kan kan ẹni méjì. Ẹnì kẹta ni onídán onímàjẹ̀mú, ẹni tó bá alágbára kan mulẹ̀. Ààyè méjì péré ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n méjèèjì wà ní agbára tó ga jù, ìsinmi wákàtí kan sì ń dá wọn padà.

Èwo ló ṣe pàtàkì jù? Ìdáhùn kò sí nínú ìwé nìkan. Bí ẹgbẹ́ náà bá sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án, onímàjẹ̀mú yóò pe ọfọ̀ alágbára mẹ́fà. Nínú mẹ́sàn-án ti oníwèé, méjì péré ló tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ náà bá ja ìjà kan ṣoṣo, tí wọ́n sì sùn, onímàjẹ̀mú yóò ná méjì, oníwèé yóò ná mẹ́sàn-án láìbẹ̀rù ọ̀la. Jagunjagun yóò sì máa wò ó.

Ìwé olùdarí eré ti 2014 sọ pé ẹgbẹ́ kan lè fara da ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n wà. Olùdarí tó ń jẹ́ kí wọ́n sùn lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan ti fi oníwèé jọba, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lónìí

Eré mìíràn ti dáhùn ìbéèrè náà ní ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní 1987, Jonathan Tweet àti Mark Rein-Hagen gbé Ars Magica jáde. Yúróòpù àtijọ́ tó kún fún ìtàn ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Eré yìí kò fi ohunkóhun pa mọ́: onídán ju gbogbo ènìyàn lọ. Nítorí náà, òṣèré kọ̀ọ̀kan ní onídán tirẹ̀, ó sì ní akọni mìíràn tí kì í ṣe onídán. Àwọn ìránṣẹ́ jẹ́ ti gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá mú onídán rẹ̀ jáde lónìí, àwọn yòókù lè ṣe alábàárìn tàbí ìránṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn a pàrọ̀. Ìdọ́gba wọn kò sí nínú agbára. Inú àṣegbà ni ó wà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ẹni tó ń bínú sí pẹpẹ nítorí pé ó ga. Ohun tó ń dunni ni ilé tí gbogbo nǹkan wà lórí pẹpẹ, tí kò sí kèrègbè kankan níbẹ̀. Olùdarí tó gbọ́n a rí i dájú pé méjèèjì wà nínú ìtàn rẹ̀: ọ̀tá tí iná ọfọ̀ nìkan lè lé, afárá tóóró tí jagunjagun nìkan lè dúró lé lórí, àti àgádágodo kan fún olè, ní wákàtí tí ọfọ̀ ti tán.