Níbo Ni Epo Há Sí?

Aládùúgbò wa kan, Màmá Ìbejì, bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí mẹkáníìkì fi pààrọ̀ pọ́ǹpù epo mọ́tò Corolla òun, tó gbowó ọjà, tó gbowó iṣẹ́, tí mọ́tò sì tún kọ̀ tí kò sítáàtì nígbà tílẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò máa bèèrè ni. Owó pọ́ǹpù kì í ṣe owó kékeré lásìkò yìí, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fi owó ọjà rẹ̀ ra ohun tí kò bàjẹ́. Bí mọ́tò bá ti ń yí tí kò dìde, pọ́ǹpù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí epo ń rìn kó tó dé ẹ́ńjìnì gùn, ibikíbi ló sì lè há sí lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó bá fi sùúrù tẹ̀lé e láti táǹkì ni yóò mọ ibẹ̀.

Kí ẹ tó dá epo lẹ́bi rárá, ẹ gbọ́ ohùn mọ́tò. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó kàn dún "kẹ́", tàbí tí kò tilẹ̀ dún, ọ̀rọ̀ bátìrì nìyẹn, tàbí ti orí bátìrì tó ti hu ìdọ̀tí funfun, tàbí ti kíìkì sítátà. Ẹ pe ríwáyà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí gírígírí bó ṣe máa ń yí, tí kò sì dìde, ni ọ̀rọ̀ epo bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, bí kì í bá ṣe epo ni kò dé, a jẹ́ pé iná pílọ́ọ̀gì ni kò ṣẹ́. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú: bí iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí àgádágodo bá ń ṣẹ́jú kíkankíkan, ó lè jẹ́ pé mọ́tò ni kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀.

Láti ya epo sọ́tọ̀ kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yí ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tú pílọ́ọ̀gì kan, kó sì gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá gbẹ táútáú tí kò rùn epo, epo kò dé ibẹ̀. Bó bá tutù rinrin, epo dé, iná ni ẹ máa wá lọ. Ó sì lè jẹ́ pé epo ló pọ̀ jù tó bo pílọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀. Fún èyí tí epo pọ̀ jù yìí, ẹ tẹ tọ́rótù dé ilẹ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo nọ́sù láti fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, bíréènì bọ́ọ̀sì tó ń darí ẹ́ńjìnì yóò dá epo dúró bí ẹsẹ̀ yín bá wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn nìkan ni yóò máa wọlé títí pílọ́ọ̀gì yóò fi gbẹ.

Ká wá sọ pé pílọ́ọ̀gì gbẹ. Ẹ jẹ́ ká padà sí táǹkì.

Géèjì epo a máa parọ́. Apá kékeré kan tó léfòó lórí epo ló ń sọ fún géèjì bí epo ṣe pọ̀ tó, bí apá náà bá sì há sókè, géèjì yóò máa fi ìdajì táǹkì hàn yín nígbà tí ìsàlẹ̀ ti gbẹ. Mọ́tò tí epo inú rẹ̀ kéré, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lè kọ̀ nítorí pé epo ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí pọ́ǹpù ń fa atẹ́gùn. Ẹ bu lítà márùn-ún sí i kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìyẹn ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Nínú ọ̀pọ̀ Corolla, bí ẹ bá gbé àga ẹ̀yìn sókè, ẹ ó rí ọmọrí pẹlẹbẹ kan lára irin ilẹ̀ mọ́tò. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí orí pọ́ǹpù pẹ̀lú wáyà àti ọ̀pá epo tó wọnú rẹ̀. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ wà nínú táǹkì, inú epo ló ń gbé. Ẹni tó bá ní kànga dẹ̀rọ nílé ti mọ irú rẹ̀: ìbátan sumo tó wà nísàlẹ̀ omi ni. Epo tó yí i ká ló ń mú un tutù, bí sumo ṣe ń jóná bí omi bá gbẹ lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi iná ìkìlọ̀ epo wa mọ́tò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ń sun pọ́ǹpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé epo wọ́n. Síbẹ̀, ẹ gbìyànjú kí ó má máa wá sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́? Etí la fi ń mọ̀ ọ́n ná. Ẹ pa rédíò àti fáànù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Kí ẹnì kan gbé etí sí ibi àga ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ ó gbọ́ ohùn tíńrín kan, "wíìì", fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, yóò sì dákẹ́. Ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣi pọ́ǹpù Toyota pa. Ọ̀pọ̀ Toyota, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, kì í fún pọ́ǹpù ní iná bí ẹ bá kàn tan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà tí kíìkì sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnì nìkan ni. Bí ẹ bá ní Toyota, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa yí ẹ́ńjìnì bí ẹlòmíràn ṣe ń tẹ́tí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó tó di ìgbà yẹn kò jẹ́rìí ohunkóhun.

Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ lóòótọ́, a kò tíì lè sọ pé ó kú. Ó lè jẹ́ pé iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ fíúùsì rẹ̀, ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ wò bóyá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti já. Lẹ́yìn èyí ni rílè, ohun kékeré tó ń tan iná pọ́ǹpù tó sì ń pa á. Bí nọ́ńbà ara rílè pọ́ǹpù àti ti fèrè bá rí bákan náà, ẹ gbé ti fèrè sí ipò ti pọ́ǹpù, ẹ tún gbìyànjú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí rílè, nítorí ó ti jẹ ọ̀pọ̀ onímọ́tò lówó. Àwọn Honda Accord àti Civic tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1990 sí 1999 ní rílè kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fún pọ́ǹpù ní iná. Òjé tí wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa sán bó bá pẹ́. Bí mọ́tò bá wà nínú oòrùn ọ̀sán, inú rẹ̀ á gbóná, ojú òjé tó sán á yà, pọ́ǹpù á dákẹ́. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, òjé á tún fara kanra, mọ́tò á sítáàtì bí ẹni pé kò ṣe é rí. Ẹ rí i pé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò kọ̀ lójú ọjà ní aago méjì ọ̀sán, yóò sì sítáàtì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ìrọ̀lẹ́. Ríwáyà tó mọ iṣẹ́ á ṣí rílè náà, á yọ́ òjé tuntun sí i, iṣẹ́ parí. Mo ti rí èyí tí wọ́n ra pọ́ǹpù tuntun fún nítorí rẹ̀, ó sì bí mi nínú.

Bí fíúùsì àti rílè bá pé, ẹ lọ sí ojú wáyà tó wọ pọ́ǹpù. Kí ríwáyà fi mítà wọn iná níbẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ń yí ẹ́ńjìnì. Bí iná tó sún mọ́ fóòtì 12 bá dé, tí wáyà tó kanlẹ̀ náà sì mọ́, tí pọ́ǹpù dákẹ́ síbẹ̀, ó ti kú. Ẹ lè ra òmíràn. Bí iná kò bá dé, ẹ má fọwọ́ kan pọ́ǹpù, ẹ tẹ̀lé wáyà padà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Màmá Ìbejì wà. Nígbà tí a gbé àga ẹ̀yìn sókè, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so wáyà mọ́ pọ́ǹpù ti dúdú lápá kan, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ mọ́ irin inú rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń gbó máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, ìfàjù yẹn a sì máa jó ojú ìsopọ̀. Mẹkáníìkì ti gbé pọ́ǹpù tuntun sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná. Nígbà tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, irin fara kan irin, mọ́tò sítáàtì, gbogbo ènìyàn yọ̀. Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀, ojú náà ti yà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ló tán wàhálà náà. Bóyá pọ́ǹpù àkọ́kọ́ ti kú tàbí kò kú, kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó wọn iná kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ẹ ó ti rí mẹkáníìkì tó ń gbá ìdí táǹkì bí ẹnì kan ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí nínú pọ́ǹpù ní bíróṣì tó ń jẹ, bó bá ti jẹ tán, gbígbá lè mú un fara kan iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá sítáàtì báyìí, pọ́ǹpù ti dé òpin. Ẹ wà á lọ sílé tàbí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má wà á lọ sí Ìbàdàn. Igi tàbí rọ́bà ni kí wọ́n fi gbá a, kí irin má fọ́n iná lábẹ́ epo.

Ó tún ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù máa dún kí epo má sì dé. Dídún kì í ṣe agbára. Géèjì tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀pá epo ló ń sọ òótọ́: agbára epo nínú ọ̀pá Corolla ọdún 2003 sí 2008, tí wọ́n ń fi psi wọ̀n, gbọ́dọ̀ wà láàárín 44 sí 50. Bó bá kéré, ó lè jẹ́ pé asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù tàbí fílítà ti kún fún ìdọ̀tí. Bó bá pé nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí, tó wálẹ̀ kíá bí ẹ bá pa á, epo ń sá padà sí táǹkì. Irú mọ́tò yìí ni ẹ máa ń yí títí láàárọ̀ kó tó dìde. Bí psi bá pé tí pílọ́ọ̀gì ṣì gbẹ, nọ́sù ni kò ṣí, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnì ń yí ló ti kú.

Epo fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ ọ̀tá. Bí mọ́tò bá kọ̀ kété lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ bu díẹ̀ láti táǹkì sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, á sọ̀kalẹ̀, ẹ ó sì rí ojú ìlà láàárín wọn. Ìgò kì í mú ohun gbogbo ṣá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní methanol pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ Nàìjíríà, ó sì ba ọ̀pọ̀ mọ́tò jẹ́. Methanol a máa pò mọ́ bẹntiróòlù, ojú kò lè yà wọ́n. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ilé epo tí ẹ bá ti ra epo.

Àwọn àgbà tó wa Peugeot 504 àti Ìjàpá Volkswagen, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pọ̀ ní Kaduna àti Èkó ní 1975, a máa da omi tútù sórí pọ́ǹpù bí mọ́tò bá kọ̀ nínú ooru. Wọ́n jàre. Pọ́ǹpù ìgbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, epo inú rẹ̀ a máa hó di ooru. Mọ́tò tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú táǹkì kì í sábà ní irú àìsàn yẹn, ẹ má da omi sórí wáyà rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa epo pẹ̀lú rọ́bà láti inú táǹkì. Bí ìwọ̀nba kékeré bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tú ọ̀pá epo, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ fíúùsì pọ́ǹpù, kí wọ́n yí ẹ́ńjìnì díẹ̀ kí agbára inú ọ̀pá lè rọlẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ wé ojú ibi tí wọ́n fẹ́ tú, kí jẹ́nẹ́rétọ̀ àti sìgá jìnnà síbẹ̀. Epo tó wà nínú ọ̀pá yẹn lè tú jáde sójú ẹni tó ń tú u kódà bí mọ́tò ti wà ní pípa láti òwúrọ̀.