Olùkọ́ fáyólíìnì: ta ni yóò kọ́ ọmọ Kambolé?

Ẹni tó ń ta fáyólíìnì lójú agbo ni gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, wọn á sọ fún yín pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú owó ilé àti owó oúnjẹ ti ń wá. Alẹ́ kan ni òde eré, ọ̀pọ̀ ọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwa tí à ń gbé láàárín Kambolé, Tchamba àti Sokodé, ní Togo, a máa ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ òyìnbó. Ìtàn kò bá wa sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Joseph Emidy. Nǹkan bí ọdún 1775 ni wọ́n bí i ní agbègbè tí àwọn òyìnbó ìgbà náà ń pè ní Guinea. Àwọn Potogí kó o lẹ́rú lọ sí Brazil, lẹ́yìn náà ó dé Lisbon. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti ra fáyólíìnì fún un, tó sì wá olùkọ́ fún un, kò sì pẹ́ tó fi wọ ẹgbẹ́ olórin ilé eré opera ìlú náà. Ní 1795, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Pellew, gbọ́ bó ṣe ń ta á, ó sì ní kí wọ́n jí i gbé. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Indefatigable ni Emidy ti ń ta orin ijó fún àwọn atukọ̀ títí di 1799, tí wọ́n fi já a sílẹ̀ ní Falmouth, ní Cornwall. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kó ọkùnrin kan lẹ́rú, ìkejì yìí sì jẹ́ nítorí pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kò mọ ẹnikẹ́ni ní Falmouth. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ayé ọ̀tun ni ẹ̀kọ́ kíkọ́: ó ń kọ́ni ní fáyólíìnì, ó ń kọ́ni ní dùùrù, ó ń kọ́ni ní fèrè àti gìtá. James Silk Buckingham, tó di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọ̀rẹ̀yìn, gba ẹ̀kọ́ fèrè lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun náà ló gbé àwọn orin tí Emidy kọ lọ sí London ní 1807. Àwọn olórin ńlá ibẹ̀, Salomon wà lára wọn, ta orin náà, ó dùn mọ́ wọn. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ní àwọ̀ ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kó rọ́wọ́ mú ní London, wọ́n dá owó jọ fún un, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Emidy kú ní Truro ní 1835, ibojì rẹ̀ wà ní Kenwyn. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn orin tó kọ tó kù lónìí. Ìyẹn dùn mí púpọ̀.

Olórin mìíràn, Samuel Coleridge-Taylor, náà fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ gbé ayé rẹ̀. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀. Fáyólíìnì ló gbé e wọ Royal College of Music ní London ní 1890, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Orin rẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tó kọ lórí ìtàn Hiawatha, owó gíní 15 péré ló tà á, àwọn atẹ̀wé sì jèrè rẹ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti dídarí ẹgbẹ́ akọrin ló fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀ títí tó fi kú ní 1912, lẹ́ni ọdún 37.

Kí ni olùkọ́ fáyólíìnì ń ṣe gan-an? Ó ń wọn apá ọmọ láti mọ èyí tó bá a mu, nítorí fáyólíìnì ọmọdé wà tó kéré púpọ̀ ju ti àgbà lọ. Okùn mẹ́rin ló ní, kò sì sí àmì kankan lọ́rùn rẹ̀ tó ń sọ ibi tí ìka yóò tẹ̀. Olùkọ́ á lẹ téèpù tín-ín-rín síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì yọ ọ́ nígbà tí etí bá ti mọ ọ̀nà. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè kọjá tó jẹ́ pé ọ̀pá tí wọ́n so irun ẹṣin mọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́: kí àtàǹpàkò tẹ̀ díẹ̀, kí èjìká má ṣe gan, kí ọ̀pá lọ kó bọ̀ lórí okùn kan ṣoṣo láìhan etí. Ọmọ tó ń sọ èdè wa ti mọ̀ láti kékeré pé bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Mo gbà pé ó ti fi ẹsẹ̀ kan ṣíwájú.

Àti pé okùn tí wọ́n ń fi irun ẹṣin ta kò ṣàjèjì sí wa. Gòjé ni: igbá tí wọ́n fi awọ bò, okùn irun ẹṣin kan ṣoṣo. Àwọn Hausa tó ń gba ọ̀nà obì láti Salaga kọjá sí Djougou láyé àtijọ́ mọ̀ ọ́n, Yusuf Olátúnjí, tó kú ní 1978, sì fi í dá sákárà lọ́lá nílẹ̀ Yorùbá. Ní Dagbon, ní àríwá Ghana, àwọn ìdílé onígòjé ń ki ọba wọn ní Yendi, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ bàbá. Eré ṣíṣe àti ẹ̀kọ́ kíkọ́ kò pínyà lọ́wọ́ wọn.

Ní ti fáyólíìnì, Èkó ti fi ọ̀nà hàn. Ẹgbẹ́ olórin MUSON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní 1989, láti 2006 sì ni MTN Foundation ti ń san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń gba díplómà níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń ṣeré, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọyẹ́ nìkan tó ìṣòro: igi fáyólíìnì a máa là, èèkàn okùn a máa yọ̀, kò sì rọrùn láti rí ẹni tí yóò tún un ṣe nítòsí. Ṣùgbọ́n ohun èlò kò tó olùkọ́. Ẹ̀yin ọmọ Kambolé, Tchamba àti Sokodé tí ẹ wà ní Lomé, ní Èkó tàbí ní Faransé, bí ẹnìkan nínú yín bá mọ fáyólíìnì í ta, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá wálé fún ìsinmi, ẹ mú un dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jókòó tì yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí àgbà onígòjé bá ṣì wà ládùúgbò yín, ẹ fi ọmọ yín sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí.