Owó Tí Àníyàn Ń Gbà Lọ́wọ́ Wa

Bí olè bá fọ́ ilẹ̀kùn wa lóru, a ó ké sí àdúgbò, a ó sì ka ohun tó kó lọ. Ṣùgbọ́n olè kan wà tó ń bá wa gbé inú ilé, tó ń bá wa jẹun, tó sì ń bá wa lọ sí ilé ìsìn. Àníyàn ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka ohun tó ń kó.

Àwa tí a ń gbé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti agbègbè wọn mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ìparí oṣù May 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Adó lójoojúmọ́ mọ ohun tí èyí fi ojú rẹ̀ rí. Ní January 29, 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé ìwé kan lọ́nà ní Emùré, wọ́n kó àwọn ọmọdé àti olùkọ́ wọn wọ igbó. Àwọn ọmọ náà padà wálé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò kúrò lára òbí bọ̀rọ̀.

Owó ọkọ̀ tó gbówó lórí, a mọ̀ ọ́n. Owó oṣù tí wọ́n jẹ wá, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí àníyàn fúnra rẹ̀ ń gbà ni a kò kọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹnìkan kò sùn nítorí gbèsè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí ń fọ́ ọ, ó ra oògùn ara ríro. Ní alẹ́, ó ra nǹkan mu kí oorun lè kùn ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ₦300 péré lójúmọ́, ₦109,500 ni lọ́dún. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin 2024 fi lélẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Ẹ ò rí i pé ó ti ju iṣẹ́ oṣù kan àti ààbọ̀ lọ! A kò tíì ka oníbàárà tó kanra mọ́ tí kò padà wá mọ́, tàbí ọmọ tó nà láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú oògùn ara ríro wọ̀nyí, bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, a máa dá egbò sínú, a máa ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. À ń fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọlọ́run dá ara wa pé bí ewu bá dé, kí àyà máa lù kíkankíkan kí a lè sá tàbí kí a jà. Ìgbà díẹ̀ ló dá a fún. Ẹni tó bá wà bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ dé òru, oṣù dé oṣù, ara rẹ̀ yóò sanwó rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ń gba nǹkan bí bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ aráyé lọ́dọọdún.

Àwọn kan yóò ní àìnígbàgbọ́ ló ń fa àníyàn. Ẹ ka 1 Ọba 19. Èlíjà tó pe iná sọ̀kalẹ̀ ni ó jókòó sábẹ́ igi, tó ń tọrọ ikú. Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a wí. Oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún un. Ó sùn, ó jí, ó tún jẹun. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó dé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ọkọ sọ iye gbèsè rẹ̀ gan-an fún aya, kí aya náà sọ tirẹ̀. Gbèsè tí a dá nìkan gbé a máa wúwo ju iye rẹ̀ lọ. Èkejì, kí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, kí a gbọ́ ti dókítà, kí a má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Ẹ̀kẹta, kí àwa ìjọ yé di ẹrù kún ẹrù. Ẹni tí kò rí owó oúnjẹ ọmọ san, kí a má fi aṣọ ẹgbẹ́ dójú tì í.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Kí Olúwa tó fún Èlíjà ní oorun fún àwa náà ní ìsinmi, ní orúkọ Jésù. Àmín.