Ọmọ girama ń fi kọ̀ǹpútà wá lẹ́tà tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé eré ni ọmọ tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ṣùgbọ́n lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kan wà tó jẹ́ pé bí ilé-ìwé bá ti parí, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn ni. Àwọn ló ń yan alága, àwọn náà ló ń kọ́ ara wọn. Olùkọ́ kàn ń fojú tó wọn ni.

Inú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń kọ ọ́: A, C, G àti T. Ti ènìyàn tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Ta ni yóò fojú lásán ka ìyẹn tán? Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ náà fi ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ó lè bá wọn kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn tí kò ṣàjèjì sílé Yorùbá. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in jù lọ lágbàáyé. Lẹ́tà 444 ló wà nínú ìlànà tí ara fi ń ṣe apá kan èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Bí ọmọ bá gba T lọ́wọ́ bàbá, tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá, dípò A tó yẹ kó wà ní ipò 20, SS ni ọmọ náà. Lẹ́tà kan péré ló ń dá gbogbo ìrora egungun yẹn sílẹ̀! Àkọsílẹ̀ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ ìlà mélòó kan sì ti tó láti rí lẹ́tà ọ̀hún. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá AS ni òun, ilé ìwòsàn ni kó lọ o.)

Àwọn ẹgbẹ́ kan ń lọ sí ìdíje iGEM, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì kan ní yunifásítì MIT lọ́dún 2003, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ girama lọ́dún 2011. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni ìforúkọsílẹ̀. Ìyẹn kọjá agbára ilé-ìwé ìgbèríko wa. Ṣùgbọ́n kíka lẹ́tà kò gbà ju kọ̀ǹpútà kan àti iná tó dúró lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ọ̀hún gan-an ni ìṣòro.

Iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sí wa. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Redeemer's, nílùú Ẹdẹ, ka àkọsílẹ̀ kòkòrò náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 lẹ́tà ni, kọ̀ǹpútà ló sì bá wọn tò ó jọ.